Àsansílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀ tí a rí lórí fóònù: ká san án àbí ká má san án?

Onímọ́tò Ìgbógbó

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Corolla 2009 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, mo sì ń wá tókunbọ̀. Mo rí ẹnìkan lórí Facebook tó ń ta ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ ní 480,000 náírà. Gbogbo ẹlòmíì tí mo bi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn ni wọ́n ń pè. Ó ní ọjà sípíà Ládípọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù òun wà, pé kí n fi ìdajì owó ránṣẹ́ lónìí, òun á wébíìlì rẹ̀ sí gáréèjì Ìkòròdú, tí mo bá rí ọjà kí n san ìyókù. Àwọn kan ní bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, àwọn kan ní gbájúẹ̀ ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Kí ni mo lè bi í tí màá fi mọ̀?

* * *

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ká tó sọ̀rọ̀ owó, ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń wá?

Ẹ lọ wo nọ́ńbà ṣásí mọ́tò yín. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, 17 ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀ rárá. Ẹ kà á dé orí ìkẹwàá. Tó bá jẹ́ 9, mọ́tò 2009 ni lóòótọ́. 8 ni 2008, A ni 2010. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé Corolla Amẹ́ríkà láti 2003 dé 2008, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó di 2009, wọ́n yí i padà sí 2ZR-FE. Méjèèjì ló jẹ́ 1.8. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ti Corolla ni, 1.8 ni" kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Wáyà wọn ò bára mu, brénbọ́ọ̀sì wọn (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ò bára mu, síìtì ẹ́ńjìnnì wọn ò bára mu. Àwọn Corolla 2009 kan tiẹ̀ wà, àwọn XRS, tó jẹ́ pé 2AZ-FE, 2.4, ló wà nínú wọn.

Ẹ má sọ èyí tí ẹ fẹ́ fún un o. Ẹ kàn bi í pé, "Ọ̀gá, kóòdù wo ni wọ́n tẹ̀ sára búlọ́ọ̀kì rẹ̀?" Ẹni tí ẹ́ńjìnnì wà níwájú rẹ̀ á fi àkísà nu ibẹ̀, á kà á fún yín. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ á ní, "Èwo lẹ fẹ́?" Tí ẹ bá fi lè sọ ọ́, òun náà ló máa ní lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gíà. Camry 2.4 láti 2002 dé 2006, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n gíà 2002 sí 2004 jẹ́ onípele mẹ́rin, ti 2005 àti 2006 jẹ́ onípele márùn-ún. Wọ́n á tà á fún èèyàn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Ìgbàkígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ jù ni "ẹ fi orí fóònù sílẹ̀, ẹ dìde lọ sọ́jà." Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá wọ Ládípọ̀ láìmọ ẹnìkan, kó tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn alárobọ̀ á ti dì mọ́ ọn: "Kí lẹ ń wá? Ó wà, ẹ tẹ̀ lé mi." Wọ́n á gbé e jókòó síbì kan, wọ́n á lọ gbé ọjà ọlọ́jà wá, wọ́n á bu èrè tiwọn lé e. Bí ọjà bá yíwọ́, ẹni tó gba owó ò ní ibì kankan tí èèyàn lè padà bá a sí. Irú wọn náà ló pọ̀ lórí Facebook, tí wọ́n ń ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù oní-ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ẹ ti pàdé kọ́ ló ṣe kókó. Ta ló ni ọjà, ibo la ti máa rí i lọ́la, òun ni kí ẹ máa bèèrè.

Òmíràn rèé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mẹkáníìkì náà ń jẹ níbẹ̀. Á ti bá oní-sípíà sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọjà 600,000 á di 700,000 lórí rìsíìtì.

* * *

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà

Ọmọ Ìjẹ̀dé, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, mi ò ní bo ẹnikẹ́ni. Kí oníbàárà ya owó ìrìn àti owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀ fún mẹkáníìkì kó tó kúrò nílé, kó sì sọ fún un pé òun fúnra òun lòun máa fi owó ọjà ránṣẹ́ sí oní-ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí wọ́n sanwó àyẹ̀wò fún á ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ bá wọn wá a lọ́fẹ̀ẹ́, ibòmíì ló ti máa wá owó ọjọ́ rẹ̀.

* * *

Alátókunbọ̀ Òwòdè Onírin

Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí, torí ẹ ti fẹ́ sọ gbogbo oní-sípíà di olè.

Àsansílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta á ní ká bá òun mú un dání, kò sì ní sí ẹni tó máa yọjú nínú wọn. Ká sọ ọ́ kalẹ̀, ká wẹ̀ ẹ́, ká gbé e sọ́kọ̀, owó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ tó mọ́ ní ìwọ̀n. Kò yẹ kó ju owó ọkọ̀ àti owó àwọn alágbàárù lọ. Ìdajì owó ọjà kọ́! Ó sì gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bí ọjà kò bá jẹ́ èyí tí a jọ sọ, owó á padà.

Àkáǹtì ńkọ́? Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sínú áàpù báńkì yín, orúkọ ẹni náà á jáde kí owó tó kúrò. Ẹ fi wé orúkọ tó wà lórí rìsíìtì. "Àkáǹtì ìyàwó mi ni", "ti ọmọ iṣẹ́ mi ni", ẹ dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Tó bá ní ṣọ́ọ̀bù òun forúkọ sílẹ̀, ẹ lè wo orúkọ náà lórí ojú-òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ o, ìwé CAC ò sọ pé èèyàn kì í jalè.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni iye yẹn. Àwa tí a jọ wà ní láìnì kan náà, a mọ iye tí ẹnìkejì ń tà. Bí ẹ́ńjìnnì gidi bá wà nílẹ̀ ní ìdajì iye tí ọjà ń pè é, aládùúgbò rẹ̀ ló máa rà á kí ẹni tó wà ní Ìgbógbó tó gbọ́.

* * *

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà

Lórí àsansílẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ò lè ṣọ̀kan, ọ̀gá mi. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú, tí ọjà Òwòdè Onírin wà lójú ọ̀nà kó tó dé Mile 12, kí ló máa san àsansílẹ̀ sí? Kó rán mẹkáníìkì lọ pẹ̀lú irinṣẹ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, kó fi gbogbo owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e. Àsansílẹ̀ tọ́ sí ẹni tó wà ní Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, kì í ṣe ẹni tó lè wọ dáńfó lọ.

* * *

Réwáyà Sábó

Ẹ́ńjìnnì lẹ gbájú mọ́. Àwọn nǹkan kéékèèké ni wọ́n fi ń jẹ èèyàn jù, torí owó wọn ò tó ohun tí èèyàn máa torí ẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Sípíà Toyota, nọ́ńbà mẹ́wàá ló máa ń wà lára rẹ̀, márùn-ún, dáàṣì, márùn-ún. Márùn-ún àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tó jẹ́. 89661 ni brénbọ́ọ̀sì ẹ́ńjìnnì. 27060 ni ọ́tánétọ̀, tó ń ṣáàjì bátìrì. 28100 ni kíkìsítátà. 81110 ni iná iwájú lápá ọ̀tún, 81150 lápá òsì (ọ̀tún àti òsì ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ni o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀). Márùn-ún ìkẹyìn ló ń sọ mọ́tò tó tọ́ sí. Nígbà mìíràn lẹ́tà máa ń wà nínú rẹ̀. Tí oní-sípíà bá ya fọ́tò tí kò jẹ́ kí nọ́ńbà hàn, ẹ ní kó tún un yà.

Sẹ́ńsọ̀ ara ẹ́sọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. 89465 ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, 89467 ni èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti epo, tó máa ń wà níwájú kátálísítì (páànù ara ẹ́sọ́ọ̀sì tó ń fọ èéfín mọ́). Wọ́n jọra lójú. Tí wọ́n bá fi ọ̀kan dípò èkejì, iná ẹ́ńjìnnì ò ní kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ óò máa ra nǹkan míì kún un.

Brénbọ́ọ̀sì: ẹ wo létí sítíkà tí nọ́ńbà wà. Tó bá ti ká, tàbí tí gọ́ọ̀mù hàn lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara òmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ wo orí ìdè rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí. Ẹ wo àwọn ẹnu tí wáyà ń wọ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti wọ̀ ọ́. Kí nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ti yín mu, kì í ṣe mẹ́jọ. Tí kọ́kọ́rọ́ yín bá sì ní ṣíìpù, brénbọ́ọ̀sì tuntun ò ní dá a mọ̀. Mọ́tò á máa yí, kò ní ta, títí wọ́n á fi ṣètò kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó tà á ní ó dáa, ẹni tó rà á ní ó ti kú, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ fẹnu kò lórí dídá-padà kí ẹ tó gbé e, torí ọ̀pọ̀ oní-sípíà kì í gba ohun oníná padà tí ó bá ti wọ mọ́tò.

Ọ́tánétọ̀, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: láàárín fólítì 13.5 sí 14.5 ló yẹ kó wà. Ẹ tan iná iwájú àti ẹ́síì. Kò yẹ kó bọ́ sábẹ́ 13.

Báàgì afẹ́fẹ́ àti bẹ́líìtì ìjókòó tókunbọ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi sí mọ́tò. Kò sí bí ẹ ṣe máa dán an wò àfi ọjọ́ jàǹbá.

* * *

Onímọ́tò Ìgbógbó

Mo dúpẹ́ o. Mo ti wò ó, 9 ni ìkẹwàá. Mo bi í ní kóòdù bí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe wí, ó ní "èyí tó ń wọ Corolla ni." Ó fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́: ilẹ̀ pupa ló wà nínú méjì, kọnkéré nínú méjì. Mo ní kó bá mi ṣe fídíò, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa nínú ọjà. Ní báyìí ó ní ẹnìkan ti fẹ́ sanwó, pé kí n tètè.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò yẹn sínú Google Lens, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a lójú-òpó ẹlòmíì, nílẹ̀ òkèèrè pàápàá.

Fún ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, fídíò kan tí kò já lẹ ní kó ṣe. Kó kọ orúkọ yín àti déètì òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ara búlọ́ọ̀kì, kó yí ẹ́ńjìnnì po, kó wá gbé kámẹ́rà láti ibẹ̀ lọ sí sáìnbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù láìdá a dúró. Fídíò tó já láàárín ò wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí sáìnbọ́ọ̀dù, kì í ṣe èyí tí ẹ ti ń fi bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ bèèrè ẹni náà. Bó bá jẹ́ alárobọ̀ ló lọ ya fídíò ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ni, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú.

* * *

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà

Tí ẹ bá rí gidi, báyìí la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ òróró sí. Tó bá funfun bí wàrà lábẹ́ rẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ òróró. Ẹ wo páànù òróró nísàlẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀ wọnú. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí pọ́lì iwájú. Ó gbọ́dọ̀ yí po láìkọ́.

Kọ̀ǹpírẹ́ṣàn, ìyẹn bí ihò písítínì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tan èèyàn. Wọ́n á ní, "A ò lè dán an wò nílẹ̀." Tí gíà bá ṣì wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe, torí ara ilé gíà ni kíkìsítátà ti ń jókòó. Bátìrì tó lágbára àti wáyà jọ́ḿpà ti tó. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí tírótù (ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) sílẹ̀ gbayawu, ẹ de géèjì mọ́ ihò àkọ́kọ́, ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí ọwọ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tó yá máa ń wà láàárín 150 sí 200 psi (òṣùwọ̀n tó wà lójú géèjì), kí ìyàtọ̀ tó kéré jù àti tó pọ̀ jù má sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Tí ihò kan bá lọ sílẹ̀, ẹ kán òróró bíi ṣíbí tíì kan sí i, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìnì písítínì ló ti jẹ. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ni. Ẹni tó bá kọ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ máa lọ.

Gíà: ẹ fi òróró rẹ̀ sórí bébà funfun. Pupa ló dáa. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tí irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀, ẹ má gbé e. Kí mẹkáníìkì yín tún rí i pé kọ̀ńfátà, tó wà láàárín gíà àti ẹ́ńjìnnì, wọlé dáadáa kó tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí bí kò bá wọlé tán, ìdè á fọ́ pọ́ḿpù gíà, wọ́n á sì ní ọjà ni kò dáa.

* * *

Alátókunbọ̀ Òwòdè Onírin

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí à ń tà, torí àwọn oníbàárà náà ń ṣe wá bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú.

Àlááàtì ayédèrú lèkíní. Oníbàárà á fi fóònù rẹ̀ hàn yín pé owó ti lọ, tẹ́ẹ̀sì á tún wọlé sórí fóònù yín, ìró rẹ̀ á bá ti báńkì mu. Kò sí owó nínú rẹ̀. Ẹ má ka tẹ́ẹ̀sì, ẹ má wo fóònù ẹlòmíì. Ẹ ṣí áàpù báńkì tiyín, ẹ wo iye tó wà nílẹ̀ kí ó tó san àti lẹ́yìn tó san. Títí owó fi máa hàn níbẹ̀, ọjà ò kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ń pa dé, tí ọkàn gbogbo èèyàn ti wà nílé.

Ìkejì, pípààrọ̀ ọjà. Á ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́síì tó dáa, á gbé òkú tiẹ̀ padà wá, á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi nǹkan tó mú fá àmì sára ọjà níbi tí kò hàn, ẹ ya fọ́tò àmì náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ níwájú oníbàárà, ẹ fi ọ̀dà kan orí ìdè kan tàbí méjì kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá tú u. Fún ẹ́ńjìnnì, àwọn ará òkèèrè máa ń lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn tí àárín rẹ̀ á yọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó wa ẹ́ńjìnnì láìsí omi kò ní lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a.

* * *

Ẹlẹ́rù Ágríìkì

Lórí wébíìlì: fọ́tò ìwé wébíìlì kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ní bébà àti bírò lè kọ ọ́. Ẹ gba orúkọ páàkì, nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà awakọ̀, ẹ pe páàkì náà fúnra yín, kí ẹ má fi ti awakọ̀ nìkan ṣe. Ẹtàn tó wọ́pọ̀ ni pé "awakọ̀" á pè yín lójú ọ̀nà pé wọ́n dá òun dúró, kí ẹ fi owó kún un. Owó tó bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ọjà ti "gbéra", ẹ má san án.

Ẹ́ńjìnnì, ẹ fa òróró rẹ̀ dànù, ẹ gbé e dúró sórí táyà àtijọ́, ẹ de é lọ́tùn-ún lósì, ẹ fi ọ̀rá di gbogbo ihò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ láti Ládípọ̀ dé Ògólóńtò lè balẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tó ti kán, kò sì sí ẹni tó máa gbà pé lọ́wọ́ òun ni.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀dé

Ẹnìkan ò tíì sọ̀rọ̀ ọjà olè. Brénbọ́ọ̀sì, dígí ẹ̀gbẹ́, iná iwájú àti kátálísítì ni wọ́n ń tú lára mọ́tò tó wà níta mọ́jú. Tí ẹ bá rà á tí wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé. Ẹni tó ń ta brénbọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, tí wọ́n gé wáyà rẹ̀ dípò kí wọ́n yọ ẹnu rẹ̀, ẹ má súnmọ́ ọn.

Kátálísítì ní tiẹ̀, platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kó, wọ́n á jó ẹnu rẹ̀ padà, wọ́n á ta páànù òfìfo fún yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀: ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ló yẹ kí ẹ rí. Kóòdù P0420 lára ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló máa ń jáde lórí mọ́tò tí wọ́n bá ti kó tiẹ̀ lọ. Àwọn tó ń polongo pé àwọn ń ra kátálísítì àtijọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń rà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tiyín pé "ó ti dí" láì fi hàn yín.

* * *

Aṣọ́ọ̀bù Ebúté

Ẹni tó ti sanwó kó tó ka èyí ńkọ́? Ó kù díẹ̀ kí gbogbo yín pa ìyẹn tì.

* * *

Réwáyà Sábó

Kó pe báńkì tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Kó sọ nọ́ńbà àkáǹtì tó sanwó sí, iye owó àti àsìkò, kó ní kí wọ́n kàn sí báńkì tí owó wọ̀ kí wọ́n lè dá ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ dúró. Kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, torí báńkì máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá. Kó má pa ìjíròrò WhatsApp rẹ́, kó má sì bú olè náà títí á fi dí nọ́ńbà rẹ̀. Tí ẹnìkan bá wá pè é pé òun á bá a gba owó padà tó bá lè san iye kan, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí a mọ̀ ló ta ọjà burúkú, tí wọ́n kọ̀ láti dá owó padà, ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹgbẹ́ ọjà lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Wọ́n yára ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́yìn wọn, àwọn àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ló kù: LASCOPA wà fún ìpínlẹ̀ Èkó, FCCPC wà fún gbogbo Nàìjíríà. Rìsíìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.

* * *

Onímọ́tò Ìgbógbó

Ó ti dí mi lórí WhatsApp láti ìgbà tí mo ti ní màá rán mẹkáníìkì wá. Lọ́la, mẹkáníìkì mi ń lọ sí Òwòdè Onírin pẹ̀lú géèjì àti bátìrì. Ṣé ohun kan wà tí rìsíìtì gbọ́dọ̀ ní yàtọ̀ sí iye owó?

* * *

Mẹkáníìkì Ìta-Ẹlẹ́wà

Ó wà. Orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù, kóòdù ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lódindi, àwọn nǹkan tó bá a wá (ọ́tánétọ̀, kíkìsítátà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tírótù, kọ́ìlì mẹ́rin), iye psi ihò kọ̀ọ̀kan, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dán an wò. Kí ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ́kọ́ ta, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ gbé e, torí ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí wọ́n tó tò ó tán.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló wà nínú ìwé mọ́tò yín. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ìwé àti mọ́tò ò bára mu mọ́, ẹjọ́ lẹ máa rò tí ọlọ́pàá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú rìsíìtì yẹn lọ búra ní kóòtù, kí ẹ gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé mọ́tò kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan máa wà nínú mọ́tò.